Báwo ni Èdè Látìnì Ṣe Dún ní Ẹnu Àwọn Ará Róòmù Àtijọ́?

 

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa tọ̀ wá wá lẹ́yìn Mísà. Ó ní olùkọ́ kan sọ fún òun pé bí a ṣe ń ka èdè Látìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tọ̀nà. Pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ kò pe orúkọ Cicero ní "Tṣi-tṣe-ro" bí a ti kọ́ ọ, "Ki-ke-ro" ni wọ́n ń pè é. Pé níbi tí wọ́n bá sì kọ "v" sí, "w" ni ẹnu wọn ń sọ. Ọmọ náà wá bi wá léèrè ohun méjì. Èkíní: ta ni ó tọ̀nà nínú àwa àti olùkọ́ náà? Èkejì: nígbà tí kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní ayé ìgbà náà, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ bí ọ̀rọ̀ ti dún ní ẹnu ẹni tí ó ti kú láti bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. A ṣe ìlérí fún un pé a óò dá a lóhùn lórí afẹ́fẹ́, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kejì, nítorí òun ni yóò la ọ̀nà fún èkíní.

Bí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́ tí kò sí níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, ẹlẹ́rìí ni yóò pè. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ pè nínú ọ̀ràn yìí: àwọn aládùúgbò tí ó yá ọ̀rọ̀ Látìnì lò, àwọn olùkọ́ tí ó ń bá ọmọ wí nítorí ìpè ọ̀rọ̀, àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ dáradára.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni àwọn aládùúgbò. Bí àlejò bá yá ọ̀rọ̀ wa lò, bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Àwọn Gíríìkì ní lẹ́tà tiwọn, wọ́n sì máa ń fi í kọ orúkọ àwọn ará Róòmù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ Cicero, lẹ́tà "k" wọn ni wọ́n ń lò: Kikeron. Caesar di Kaisar lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú Májẹ̀mú Titun tí a kọ ní èdè Gíríìkì. Ẹ kíyè sí i pé "Késárì" ni Bíbélì Yorùbá tiwa náà ń pè é. Ìyá àgbà tí ń ka "Késárì" nínú Bíbélì rẹ̀ sún mọ́ ẹnu àwọn ará Róòmù ju ọ̀mọ̀wé tí ń pe "Sísà" gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Jámánì náà yá orúkọ yìí láti ayé àtijọ́, wọ́n sì fi "Kaiser" jẹ oyè fún àwọn ọba wọn títí di ọdún 1918. Ní erékùṣù Sardinia, "k" ni wọ́n ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ọgọ́rùn-ún títí di òní, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn Ítálì àti àwọn Faransé ti yí i padà.

Lẹ́tà "v" ńkọ́? Nígbà tí àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ mọ ọtí èso àjàrà lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù, wọ́n gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. "Vinum" ni àwọn ará Róòmù ń kọ. Ohùn "w" ni àwọn tí ó yá a gbọ́. Láti ẹnu wọn ni ó ti dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti di "wáìnì" tí àwa náà ń pè lónìí. Nítorí náà, "w" tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ "wáìnì" wa yìí, ohùn Róòmù àtijọ́ ni. Àwọn Ítálì tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ Róòmù gan-an ti sọ tiwọn di "vino".

Cicero fúnra rẹ̀ sọ ìtàn kan tí ó ti ọ̀ràn yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Kristi, Marcus Crassus, ọlọ́rọ̀ ńlá Róòmù, ń kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Brundisium. Ọkùnrin kan sì ń kiri èso ọ̀pọ̀tọ́ tí ó ti ìlú Caunus wá; ó ń pariwo ọjà rẹ̀: "Cauneas!" Àwọn ènìyàn wá sọ lẹ́yìn náà pé àfọ̀ṣẹ ni, pé ohun tí ọkùnrin náà ń wí ni "cave ne eas", èyí tí í ṣe "ṣọ́ra, má lọ". Crassus lọ, wọ́n sì pa á lójú ogun ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Kristi. Cicero kò gba irú àfọ̀ṣẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí wọ́n bá ń pe "v" bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é, kò sí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò ṣe jọ ara wọn létí. Bí ó bá jẹ́ "ka-we ne e-as" ni ẹni tí ń kánjú ń sọ, ó lè di "kau-ne-as" ní kíá. Ẹni tí ń kiri ọ̀pọ̀tọ́ kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí fún àwọn onímọ̀ èdè.

Ẹlẹ́rìí kejì ni àwọn olùkọ́. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Quintilian, ọmọ ilẹ̀ Spéènì, tí ó kọ́ àwọn ọmọ Róòmù ní ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ. Ní nǹkan bí ọdún 95 lẹ́yìn ìbí Kristi ni ó kọ ìwé ńlá kan lórí bí a ti í tọ́ ọmọ di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa ìró Látìnì: fáwẹ̀lì wọn ní gígùn àti kúkúrú.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí, "malum". Bí a bá pe "a" rẹ̀ ní kúkúrú, ohun búburú ni. Bí a bá fà á gùn, èso ápù ni. "Populus" pẹ̀lú "o" kúkúrú ni àwọn ènìyàn ìlú. Bí "o" bá gùn, igi kan ni. "Os" kúkúrú ni egungun. "Os" gígùn ni ẹnu. Èyí kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Gígùn ni àwọn fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn ni àwa fi ń ya tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ta ni ó kọ́ ìyá alákàrà ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀? Kò sí olùkọ́ kankan. Etí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Bákan náà ni Cicero sọ nípa àwọn ará Róòmù: bí òṣèré bá fa sílébù kan gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó gé e kúrú, gbogbo ilé ìṣeré ni yóò pariwo lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ òfin ewì rárá.

Orí gígùn àti kúkúrú yìí ni gbogbo ewì wọn dúró lé. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí-ayé Virgil sọ fún wa pé ní ọdún 29 ṣáájú ìbí Kristi, ó fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko ka ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ sí etí ẹni tí ó padà di Augustus Késárì, àti pé nígbàkúùgbà tí ohùn rẹ̀ bá há, Maecenas ọ̀rẹ́ wọn a gba ìwé náà kà. Wọ́n tún sọ pé nígbà tí ó ń ka ìwé kẹfà nínú Aeneid, tí ó dé ibi tí orúkọ Marcellus wà, Octavia ìyá ọmọ náà dákú, nítorí Marcellus ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ọdún 23. Ìwé tí a ń fi ojú nìkan kà lónìí, etí ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Quintilian tún kọ́ wa ní ohun kan tí yóò rọrùn fún Yorùbá láti yé. Ó ní bí "m" bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, wọn a kọ "m" náà, ṣùgbọ́n agbára káká ni wọn yóò fi pè é. Àwọn onímọ̀ gbà pé imú ni wọ́n ń gbà pe fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo "ọkàn". Ẹ wo "ẹ̀kún" àti "ìrìn". A kọ "n" síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ń pè é? Àmì lásán ni, tí ń sọ fún wa pé kí a fi imú ran fáwẹ̀lì náà. Ohun tí ó ń fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní wàhálà nínú kíláàsì Látìnì, ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n ṣe láti orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ṣé àwọn ará Róòmù ní àmì tí wọ́n fi ń fi gígùn fáwẹ̀lì hàn? Wọ́n ní in. Apex ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ àmì ohùn òkè tiwa tí a ń fi sórí "á". A rí i lára àwọn òkúta ìrántí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lò ó. Quintilian fúnra rẹ̀ sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kí a máa fi sórí gbogbo sílébù gígùn, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ èdè mọ èyí tí ó gùn; ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè ní ìtumọ̀ méjì, ó di dandan kí a fi sí i. Àpẹẹrẹ tí ó sì mú wá ni "malus", tí ó lè jẹ́ igi, tí ó sì lè jẹ́ ènìyàn burúkú.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ọ̀rọ̀ Quintilian yìí sí ọkàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ará Róòmù ni ó ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Akéwì Catullus fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arrius ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó máa ń ti "h" bọ inú ọ̀rọ̀ tí kò ní in, kí àwọn ènìyàn lè rò pé ó kàwé. Àwa náà kò ṣàì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tún sọ nípa Vespasian, tí ó dàgbà ní ìgbèríko kí ó tó di ọba Róòmù, pé ó máa ń pe "plaustra", ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù, ní "plostra". Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Florus tún un ṣe fún un. Ní ọjọ́ kejì, bí ọba ti rí i, ó kí i, ó ní, "Flaurus!" Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni pẹ̀lú: "au" ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè, "o" ni àwọn ará oko ń pè.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79, tí ó sì bo ìlú Pompeii mọ́lẹ̀, ó bo ara ògiri pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn mẹ̀kúnnù ti kọ síbẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́: wọ́n gbàgbé "h", wọ́n yọ "m" ìparí kúrò, wọ́n kọ "e" níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ "ae". Lẹ́yìn náà, olùkọ́ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ to àṣìṣe 227 sílẹ̀: sọ báyìí, má sọ báyẹn. Ó ní "auris" ni etí ń jẹ́, kì í ṣe "oricla". Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: láti inú "oricla" tí olùkọ́ náà ń bá wọn wí sí ni orúkọ tí àwọn Ítálì, àwọn Faransé àti àwọn ará Spéènì ń pe etí lónìí ti wá. Olùkọ́ wí títí, ẹnu ọmọ ni ó borí.

Níhìn-ín ni a óò ti bá ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan pàdé, tí í ṣe bàbá fún gbogbo Ìjọ: Augustine Mímọ́, tí a bí ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí, ní ọdún 354, tí ó sì kú ní ipò bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ọdún 430. Kí ó tó di Kristẹni, iṣẹ́ olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ń ṣe, ó sì mọ òfin èdè dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n nígbà ayé tirẹ̀, àwọn ará Áfíríkà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin fáwẹ̀lì gígùn àti kúkúrú mọ́. Bí oníwàásù bá sọ pé "os", ìjọ kò mọ̀ bóyá egungun ni tàbí ẹnu. Kí ni Augustine ṣe? Nínú ìwé tí ó parí ní nǹkan bí ọdún 426 lórí ẹ̀kọ́ Kristẹni, ó ní kí oníwàásù má ṣe lọ́ra láti pe egungun ní "ossum", bí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń pè é, bí àwọn ọ̀mọ̀wé tilẹ̀ ń bínú. Lójú rẹ̀, ó sàn kí olùkọ́ èdè bá wa wí ju kí àwọn ènìyàn má gbọ́ wa yé. Nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó káàánú pé àwọn ènìyàn a máa bínú sí ẹni tí ó gbàgbé "h" nínú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ènìyàn" ju bí wọ́n ti ń bínú sí ẹni tí ó kórìíra ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà Augustine yìí ni Ìjọ tọ̀. Ní ọdún 813, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ sí ìlú Tours pa á láṣẹ pé kí a túmọ̀ ìwàásù sí èdè tí àwọn mẹ̀kúnnù ń sọ, nítorí Látìnì inú ìwé kò yé wọn mọ́. Ní gbogbo ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ka Látìnì bí ẹnu rẹ̀ ti rí, títí tí Erasmus fi kọ ìwé ní ọdún 1528 pé kí a padà sí ìpè àtijọ́. Ní ọdún 1912, Póòpù Pius Kẹwàá Mímọ́ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Bourges, ó yìn ín fún ìsapá rẹ̀ láti mú kí a máa pe Látìnì bí wọ́n ti ń pè é ní Róòmù. Ìyẹn ni èyí tí a kọ́ àwa náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 1963, Àpérò Vatican Kejì sì la ọ̀nà fún èdè ìbílẹ̀ nínú Mísà.

Nítorí náà, ìdáhùn fún ọmọ wa akọrin rèé. Olùkọ́ rẹ tọ̀nà: "Ki-ke-ro" ni ìyá Cicero yóò ti pe baálé rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ìjọ náà kò ṣìnà: ìpè tiwa ni ọmọ-ọmọ ìpè àtijọ́, kò sì sí ẹni tí í bá ọmọ-ọmọ wí nítorí pé ojú rẹ̀ kò jọ ti bàbá-bàbá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Bí o bá ń ka Cicero, kà á bíi Cicero. Bí o bá ń kọrin ní Mísà, kọ ọ́ pẹ̀lú Ìjọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ní Mísà aṣálẹ́ Kérésìmesì kan, ọmọkùnrin kan tí a bí sí ìdálẹ̀ yìí ni ó ka ẹ̀kọ́ fún wa ní èdè Yorùbá. Ìwé tí ó mú dání kò ní àmì ohùn. Nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, a ní kí ó ka ìran Jésù pẹ̀lú. Ó dé ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa Jósẹ́fù ọkọ Màríà, ó sì kà á sí "ọkọ̀ Màríà". Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbà láti ka Yorùbá níwájú ènìyàn mọ́. Ẹ̀rín wa ni ó pa á lẹ́nu mọ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní iwájú wa nígbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ìbá ti gbà á lọ́wọ́ ìtìjú? Àmì kan ṣoṣo, tí kò ju ẹsẹ̀ eèrà lọ, lórí lẹ́tà kan. Òun ni Quintilian ń wí: ẹni tí ó gbọ́ èdè kò nílò àmì, ṣùgbọ́n níbi tí ìtumọ̀ bá ti lè di méjì, ẹ fi àmì sí i. Nílé lọ́hùn-ún, ọmọ a máa gbọ́ "ọkọ" àti "ọkọ̀" ní ọjà, ní ojú pópó, lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìdálẹ̀, ẹnu bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù. Bí ẹ̀yin náà bá wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, níbo ni kí etí rẹ̀ ti kọ́ ọ?

Ohùn Látìnì àtijọ́ kú. Láti ara orúkọ tí àlejò yá, ìbáwí olùkọ́ àti ìkọkúkọ ara ògiri ni a fi ń ṣà á jọ ní ẹyọ ẹyọ. Yorùbá kò tíì dé ibẹ̀. Ó wà láàyè ní ẹnu yín. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ sọ ọ́ sí àwọn ọmọ létí. Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ẹ máa fi àmì ohùn sórí ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ń tẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Bí ọmọ bá sì ṣì í pè, ẹ tún un ṣe fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn Mísà, bí ìyá ti ń ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Augustine Mímọ́ kọ́ wa pé ìfẹ́ ni ó ṣáájú ìpè tí ó tọ́.

Àwa fúnra wa ti lọ sí ilé àwọn òbí ọmọkùnrin náà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, a sì fún un ní ìwé ẹ̀kọ́ tí a ti fi ọwọ́ ara wa sàmì sí. Ó gbà á. Kò tíì ṣèlérí pé òun yóò kà á. A ń retí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bù kún yín, Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.